Ẹja Ṣẹ́lẹ̀rú àti Àwọn Tó Ń Fi Ìyẹ́ Àkùkọ Dẹ Ẹ́

Ọkùnrin náà ti kúnlẹ̀ sẹ́yìn àpáta kan láti bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kò tíì ju ìwọ̀ sómi. Odò tó wà níwájú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fò kọjá lọ. Igi tẹrí bò ó lọ́tùn-ún lósì. Omi ń já láti orí òkúta kan sí òmíràn, ó sì mọ́ gaara débi pé ènìyàn lè ka òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Níbi tí omi ti rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn òkúta ńlá kan, òjìji tín-ín-rín kan ń mì lọ mì bọ̀. Òun ni ọkùnrin yìí tìtorí rẹ̀ gun òkè láti òwúrọ̀. Bó bá rí i mú, kò ní gùn ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, kò sì ní gbé e relé.

Àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Great Smoky Mountains, ní ààlà ìpínlẹ̀ Tennessee àti North Carolina ní Amẹ́ríkà, ni irú odò báyìí pọ̀ sí jọjọ. Ìkùukùu tó máa ń bò wọ́n bí èéfín ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Brook trout ni orúkọ ẹja náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn àgbà orí òkè ń pè é ní speck nítorí àmì tó-tò-tó ara rẹ̀. Lọ́dún 1814, Samuel Mitchill, oníṣègùn àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará New York, fún un lórúkọ Látìn tí àwọn onímọ̀ ń lò títí dòní: fontinalis, ìyẹn ni pé “ti ṣẹ́lẹ̀rú”. Orúkọ náà ro ó. Ẹja ṣẹ́lẹ̀rú ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ìlà lílọ́ sì kún ibẹ̀ bí ipa tí ekòló fà sórí ẹrẹ̀. Àmì pupa kéékèèké fọ́n ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òrùka búlúù sì yí wọn po. Etí lẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, ìlà dúdú kan sì tẹ̀ lé funfun náà gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí aránṣọ bá fi òwú gba etí aṣọ. Nígbà tí ewé igi bá ń wọ́ dànù, tí àsìkò ẹyin yíyé sì dé, ikùn akọ rẹ̀ a pọ́n bí epo.

Ẹ má rò pé ìran ẹja kékeré ni. Lọ́dún 1916, Dókítà W. J. Cook fi ìwọ̀ mú ọ̀kan nínú odò Nipigon ní Kánádà tó wọn pọ́n-ùn 14 àtààbọ̀, èyí sì ni ó tóbi jù nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ìran kan náà ni wọ́n. Ilé ló yàtọ̀. Nipigon jẹ́ odò ńlá tó ń ṣàn wọ adágún Superior, oúnjẹ sì kún inú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Odò orí òkè Smoky kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tutù nini, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú rẹ̀ kò tó nǹkan: kòkòrò díẹ̀ lábẹ́ òkúta, èèrà tó já bọ́ láti orí ewé, tata tí atẹ́gùn gbé ṣubú. Ẹja tó ń gbé níbẹ̀ a máa dàgbà tán ní ínǹṣì 5 tàbí 6. Èyí tó bá dé ínǹṣì 9, àwọn apẹja a máa ròyìn rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í lò ju ọdún 3 lọ láyé.

Kí ló wá dé tí kò fi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò ńlá tí oúnjẹ wà? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni òtútù. Omi tutù a máa gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí sínú ju omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ lọ, ara ẹja ṣẹ́lẹ̀rú kò sì gbà á kí omi ju ìwọ̀n 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìgbà pípẹ́. Nítòsí orísun, lábẹ́ ibòji igi, ni irú omi bẹ́ẹ̀ wà jálẹ̀ ọdún. Ibẹ̀ náà ni abo rẹ̀ ń rí òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹrẹ̀ kò bò. Láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, a fi ìrù gbẹ́ kòtò sáàárín òkúta náà, a yé ẹyin sí i, a sì bò ó. Ẹyin á wà níbẹ̀ títí òtútù yóò fi fẹ́ lọ sílé kó tó di ọmọ. Ìdáhùn kejì kò kan òtútù rárá. Ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò ni, a ó sì kàn án láìpẹ́.

Ìwọ̀ tí a mọ̀ nílẹ̀ wa rọrùn láti ṣàlàyé. A fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, a so òjé mọ́ okùn, a jù ú sómi, ó rì. Ìwọ̀ eléṣinṣin tí àwọn tó ń dẹ ẹja ṣẹ́lẹ̀rú ń lò kò jọ ọ́ rárá. Kò sí ekòló, kò sí òjé. Ìyẹ́ àti irun ni wọ́n fi òwú dì mọ́ ìwọ̀ títí tó fi jọ eṣinṣin tàbí kòkòrò mìíràn, ó sì fúyẹ́ débi pé bí ènìyàn bá jù ú lásán, iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni yóò bọ́ sí. Okùn gan-an ni wọ́n ṣe kó wúwo. Apẹja a fi ọ̀pá na okùn náà sẹ́yìn, a dúró díẹ̀ kó nà tán, a sì tún nà án síwájú bí ẹni ń na pàṣán. Okùn á tú ara rẹ̀ lójú òfuurufú, á sì gbé eṣinṣin àtọwọ́dá náà lọ bà sórí omi jẹ́jẹ́. Náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín ló wà láàárín okùn àti ìwọ̀, kí ẹja má baà fura.

Eṣinṣin kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ àti ìtàn tirẹ̀. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Adams. Len Halladay ló kọ́kọ́ dì í ní ìpínlẹ̀ Michigan lọ́dún 1922, ó sì fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Adams, ẹni tó kọ́kọ́ fi í pẹja, sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká mú un súnmọ́ ojú. Ìwọ̀ kan tí kò tó èékánná ni. Irun aláwọ̀ eérú láti ara ẹranko omi kan tó jọ òkété ni wọ́n fi yí i lára. Ìyẹ́ àkùkọ méjì, ọ̀kan pupa rúsúrúsú, èkejì abìlà dúdú àti funfun, ni wọ́n ká mọ́ ọn lọ́rùn, fọ́nrán wọn sì yọ síta yíká bí ẹsẹ̀ kòkòrò. Ṣóńṣó ìyẹ́ méjì dúró lókè bí apá. Fọ́nrán yíká yẹn ni kì í jẹ́ kó rì. Lójú ẹja tó ń wòkè láti ìsàlẹ̀ omi, kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà ni.

Àwọn ará òkè Smoky ní tiwọn, Yallarhammer ni wọ́n ń pè é. Ìyẹ́ irú àkókó kan tó pọ́n bí ìyeyè lábẹ́ apá ni wọ́n fi ń dì í láyé àtijọ́. Òfin ti dáàbò bo ẹyẹ náà tipẹ́, nítorí náà ìyẹ́ ẹyẹ mìíràn tí wọ́n pa láwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń lò báyìí.

Bó ti wù kí eṣinṣin náà dára tó, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì-gbì-gbì kò ní mú nǹkan kan. Ẹja a máa kọjú síbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wá. Ìdí nìyí tí apẹja fi máa ń ti ìsàlẹ̀ odò rìn gòkè, kó lè gba ẹ̀yìn ẹja yọ sí i. Aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti èèpo igi ló ń wọ̀. Kì í jẹ́ kí òjìji òun bọ́ sórí omi. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yí òkúta kan pẹ́rẹ́, ẹja ti mọ̀ pé àlejò dé, gbogbo wọn á sì wọ abẹ́ àpáta lọ.

Àyè láti na okùn sẹ́yìn gan-an kò sí, torí ewéko rhododendron ti bo etídò bí òrùlé. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá síbẹ̀ ni ọgbọ́n ọfà. Apẹja a na ọ̀pá síwájú, a fi ìka méjì di ìwọ̀ mú pẹ̀lẹ́, a fà á sẹ́yìn títí ọ̀pá yóò fi tẹ̀ bí ọrun, a sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Fìì! Eṣinṣin á gba abẹ́ ẹ̀ka kọjá, á bà síbi tó fojú sùn. Ọ̀pá kúkúrú, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7 àtààbọ̀ lọ, ló wúlò jù nírú ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ló ní. Bí ẹja bá gbà á, omi á ta pàtì, apẹja sì gbọ́dọ̀ gbé ọ̀pá sókè lójú ẹsẹ̀, torí kíá ni ẹja ń mọ̀ pé ìyẹ́ lásán ni òun gbé sẹ́nu, tí yóò sì tu ú. Bó bá ṣe é pẹ́, ó bọ́. Bó bá fi agbára ṣe é, á fa ẹja kékeré náà fò lẹ́yìn orí rẹ̀ sínú igbó.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan. Àwọn apẹja orí òkè ní Japan ti ń ṣe tiwọn láti ayé àtijọ́. Tenkara ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pá, okùn àti ìwọ̀ onírun tí wọ́n ń pè ní kebari ni, kò sí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká okùn mọ́. Orí ọ̀pá ni wọ́n so okùn mọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó dàgbà létídò nílẹ̀ Yorùbá ṣe ń so tirẹ̀ mọ́ ọparun. Láyé ìgbà náà, ẹja tí wọ́n bá mú ni wọ́n ń tà fún ilé àlejò. Lọ́dún 2009, Daniel Galhardo, ọmọ bíbí Brazil tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa ta irú ọ̀pá náà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń dẹ ẹja ṣẹ́lẹ̀rú fi rí i pé bí ẹni pé odò tiwọn gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Wàyí o, kí ni èrè ẹni tó gun òkè láti àárọ̀ nítorí ẹja tí kò tó ọbẹ̀ ẹnì kan? Òfin ọgbà ìjọba tó wà lórí àwọn òkè náà gbà kí ènìyàn mú ẹja 5 lóòjọ́, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti pé ínǹṣì 7. Ṣùgbọ́n ẹja ṣẹ́lẹ̀rú tó dé ìwọ̀n yẹn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ apẹja sì ń dá gbogbo ohun tí wọ́n bá mú padà sómi. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí wọ́n fojú kan onílé odò náà nínú ilé rẹ̀. Ó rọrùn láti rí ẹja ńlá tí ìjọba sìn nínú adágún tí wọ́n sì kó dà sódò. Èyí tí ìran rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí kò sí ẹni tó gbé e wá, ìyẹn ni ẹsẹ̀ ń rìn tọ̀ lọ.

Ká tó lóye bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, ó yẹ ká mọ bó ṣe kù díẹ̀ kó parẹ́.

Àwọn Cherokee ló kọ́kọ́ mọ àwọn odò wọ̀nyí. Nínú odò tó tóbi díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n máa ń to òkúta bí ẹnu àrọ láti darí ẹja sínú agbọ̀n, bí ìgbà tí àwọn apẹja wa bá dẹ ìgèrè. Ipa díẹ̀ lára òkúta náà ṣì wà nínú odò lápá ibẹ̀ títí dòní. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ agégẹdú wọ orí òkè, wọ́n la ojú irin rélùwéè sínú igbó, wọ́n sì gé apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lulẹ̀. Oòrùn wọlé sórí omi tí kò tíì rí oòrùn rí. Yẹ̀pẹ̀ ya wọ odò, ó bo òkúta tí ẹja ń yé ẹyin sí. Ẹja ṣẹ́lẹ̀rú bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Nígbà tí ẹja wọ́n, wọ́n wá ẹja mìíràn wá. Wọ́n kó rainbow trout wá láti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí odò ti ń ṣàn lọ sínú òkun Pàsífíìkì. Brown trout náà dé láti Yúróòpù. Ọdún 1883 ni ẹyin rẹ̀ kọ́kọ́ ti Jámánì wọ Amẹ́ríkà. Àwọn Yorùbá ní omi tuntun rú, ẹja tuntun wọ̀ ọ́. Àwọn ẹja tuntun yìí tóbi, wọ́n sì ń jẹun ju onílé lọ. Bí igbó ti ń hù padà, tí omi sì ń tutù, àwọn àlejò ló ti jókòó sí ibi tó dára jù, wọ́n sì ń ti ẹja ṣẹ́lẹ̀rú gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ àwọn òkè náà di ọgbà ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1934, ọ̀pọ̀ ibi ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilé rẹ̀ àtijọ́ ló pàdánù níbẹ̀. Ìdáhùn kejì tí a ṣèlérí nìyẹn: kì í ṣe pé ó fẹ́ràn orí òkè nìkan, wọ́n lé e débẹ̀ ni.

Ohun tó gba èyí tó kù là ni ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Ẹ rántí Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹ wá fojú inú wo èyí tó kéré jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n tó ga tó tí ẹja kò fi lè fò ó. Àlejò tó wà nísàlẹ̀ kò lè gòkè. Onílé tó wà lókè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orí ọgbọ́n yìí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà gbé àtúnṣe kà. Ní àárín ẹ̀wádún 1970 ni wọ́n fòfin de pípa ẹja ṣẹ́lẹ̀rú nínú ọgbà náà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún odò ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí àpáta bá ti ṣe bí ilẹ̀kùn. Nínú odò tóóró, òṣìṣẹ́ á gbé bátìrì kọ́ ẹ̀yìn, á ki ọ̀pá onírin bọ omi. Iná náà á mú ojú ẹja ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e á sì fi àwọ̀n gbé e sínú korobá. Wọ́n á dá onílé padà, wọ́n á ru àlejò lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń já. Níbi tí odò bá gùn jù fún èyí, oògùn kan tó ń jẹ́ antimycin ni wọ́n ń dà sí i láti pa ẹja inú rẹ̀, wọ́n á sì fi oògùn mìíràn pa agbára rẹ̀ nísàlẹ̀ kó má baà ṣàn kọjá ibi tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó ẹja ṣẹ́lẹ̀rú láti odò ìtòsí wá síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí Lynn Camp Prong ní ìhà Tennessee. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, ó sì di ọdún 2015 kí wọ́n tó ṣí odò náà fún apẹja.

Kí iṣẹ́ Lynn Camp Prong tó bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2006, wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tó de pípa ẹja ṣẹ́lẹ̀rú. Ìwádìí ọlọ́dún mélòó kan ti fi hàn pé ìwọ̀ apẹja kọ́ ló ń dín ẹja náà kù.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹja ṣẹ́lẹ̀rú kan náà tí wọ́n ń ṣàánú rẹ̀ ní ìlà-oòrùn ni wọ́n kó lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ sẹ́yìn, níbẹ̀ ló sì ti di apanilẹ́kún. Ní ìpínlẹ̀ Colorado, òun ni ọ̀kan nínú àwọn tó gbalé mọ́ ẹja greenback cutthroat lọ́wọ́. Nígbà tó fi di ọdún 1937, àwọn onímọ̀ ti gbà pé greenback ti tán. Nígbà tó yá, wọ́n rí ẹja tó jọ ọ́ nínú odò kéékèèké, inú wọn dùn, wọ́n sìn ín, wọ́n sì kó o káàkiri. Lọ́dún 1994, ìpínlẹ̀ náà fi í ṣe ẹja àmúyangàn rẹ̀.

Ọdún 2012 ni àṣírí tú. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Colorado tó wà nílùú Boulder fi DNA ẹja wọ̀nyí wé ti ẹja àtijọ́ tí wọ́n tọ́jú sínú ọtí nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Irú ẹja mìíràn ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti ń sìn bọ̀. Greenback gan-an ṣẹ́kù síbì kan ṣoṣo: Bear Creek nítòsí Colorado Springs, odò tóóró tí apá ibi tó ń gbé nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi máìlì 4 lọ. Odò náà kì í tilẹ̀ ṣe ìlú rẹ̀. Ẹnì kan tó tẹ̀dó síbẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló gbé e wá. Wọ́n ti Bear Creek pa fún apẹja, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látorí ìwọ̀nba ẹja yẹn. Ní 2022, ìjọba Colorado kéde pé greenback tí wọ́n kó sí Herman Gulch ti ń bímọ fúnra rẹ̀.

Lórí òkè Smoky, ìṣòro tuntun ti dé. Kòkòrò kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tó ti Japan wá, ti ń pa igi hemlock tó ń ṣíji bo odò. Ọdún 2002 ni wọ́n rí i nínú ọgbà náà. Òjò tí èéfín ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ ti sọ di kíkan ti ba omi orí òkè kan jẹ́. Ayé sì ń gbóná. Bí omi bá ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ wá, ẹja tó ti wà nítòsí orísun kò ní ibi tí yóò tún sá gòkè sí.

Nítorí èyí ni àwọn tó fẹ́ràn ẹja náà fi ní ìlànà tí wọ́n kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Wọ́n a máa tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ pẹlẹbẹ, kó lè yọ wọ́ọ́rọ́. Bí omi bá ti lọ́ jù lọ́sàn-án ìgbà ooru, wọ́n á fi ẹja sílẹ̀ kó sinmi. Nígbà ẹyin, wọn kì í tẹ òkúta wẹ́wẹ́ tó bá mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, torí ọmọ lè wà nísàlẹ̀. Wọn kì í sì í ṣí òkúta inú odò nípò. Òfin ọgbà gan-an kọ̀ ọ́, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ẹja àti alángbá omi ń fi ṣe ilé.

Ọkùnrin ẹ̀yìn àpáta ti jọ̀wọ́ ìwọ̀ rẹ̀. Eṣinṣin aláwọ̀ eérú náà bà, ó léfòó lọ bí ìgbọ̀nwọ́ kan, omi sì ta pàtì. Ó gbé ọ̀pá sókè. Kó tó fọwọ́ kan ẹja, ó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi, nítorí ọwọ́ gbígbẹ a máa ká ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja kúrò, ohun náà sì ni aṣọ tí àrùn kò fi ń wọ̀ ọ́ lára. Ínǹṣì 5 ni. Ìlà ekòló wà lẹ́yìn rẹ̀, òrùka búlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, funfun wà létí lẹbẹ. Ó yọ ìwọ̀ láìgbé e kúrò nínú omi, ó sì ṣí ìka rẹ̀. Ẹja náà dúró díẹ̀ láàárín ọwọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ìṣàn omi, ó sì wọ abẹ́ òkúta lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìyẹ́ àkùkọ tó ti rin, ó gbọn omi rẹ̀ dànù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń rá lọ sí ibú kékeré tó kàn lókè.